Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde Ló Yẹ Kí Owó Ìlú Kọ́kọ́ Dé

Bí ènìyàn bá jáde ní géètì yunifásítì wa ní Ìjàgun, tó kọjú sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ohun tí yóò máa rí ni pátákó. Ilẹ̀ ń bẹ fún títà níhìn-ín. Ẹ̀sítéètì ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ wá san díẹ̀díẹ̀. Ìlú tuntun tó ní ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù, iléèwé àti ibi ìgbafẹ́ nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bó bá gun ọ̀kadà lọ sí ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, tó gba Pòrógun tàbí Ìwàdé kọjá, nǹkan mìíràn ni yóò rí: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá wa fi èrè òwò kọ́, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kì í ṣí àfi lásìkò Iléyá àti Ojúde Ọba, pẹ̀lú gọ́tà tí pàǹtírí ti dí pa lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí owó ìjọba kò bá tó nǹkan méjì, èwo ni kó kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kó máa tẹ̀lé àwọn tó ń kọ́ ìlú tuntun lọ sí ẹ̀yìn ìlú, kó máa la títì, kó máa fa iná fún wọn, àbí kó tún àárín ìlú tó ti wà ṣe? Èrò tèmi ni pé ìgboro ló yẹ kó ṣáájú. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ jèrè níbẹ̀ fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, kí owó tó jẹ́ ti gbogbo wa sì kọ́kọ́ dé ibi tí gbogbo wa ń lò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó mú kí ilẹ̀ ibí gbóná. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ṣe, kìlómítà 14. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kkí. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote. Níbẹ̀ náà ni Alaro City wà, ìlú tuntun tí iléeṣẹ́ Rendeavour àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó jọ dá sílẹ̀ ní 2019 lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 2,000, tí wọ́n pín sí ti iléeṣẹ́, ọ́fíìsì àti ilé gbígbé. Nígbà tí Èkó bá ti kún dé Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú ni ìgbésẹ̀ tó kàn. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ilẹ̀ Lẹ́kkí mọ́ yóò wo òkè, yóò rí títì tó dán, yóò sì bá a dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn ìlú tuntun máa ń sọ, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìgboro ti há, pé kò sí àyè ìgbọ́kọ̀sí, pé ìdílé ogún ló ni ilé kan, pé ó rọrùn láti ya ojú títì sórí ilẹ̀ tó ṣófo ju kí a máa bẹ àwọn onílé kí wọ́n sún ògiri wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀sítéètì ń fún bíríkìlà, káfíńtà àti onípọ́ḿbà níṣẹ́. A kò sì lè bú ohun tí àwa fúnra wa jẹ́. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì yìí sílẹ̀ ní 2005, kì í ṣe àárín ìlú ni wọ́n fi í sí. Iléèwé wa gan-an jẹ́ ìlú kékeré lẹ́yìn ìlú: ibi ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, báǹkì, ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ. Nítorí náà àwa ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kó lè jẹ́rìí sí ohun tí irú ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Ẹ̀rí náà kò le láti rí. Yí ká Ìjàgun, ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ ló ń kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Láńlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, tó ń ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, tó ń wá ibi tí omi ẹ̀gbin tirẹ̀ yóò gbà. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà tó wọ àárín àwọn ilé náà á di ẹrọ̀fọ̀. Gbogbo ìnáwó wọ̀nyí, orí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń padà sí: nínú owó ilé, nínú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn ejẹ́ǹtì, nínú owó ọ̀kadà lọ sí ọjà. Ohun tó yẹ kí ènìyàn ọgọ́rùn-ún jọ lo ẹyọ kan, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ní ìgboro, ilé ti wà, wáyà iná ti wà, ọjà Òkè-Ajé wà, ilé ìwòsàn wà, gáréèjì wà. Ká ní ìjọba ṣe gọ́tà àti títì kan tó gùn tó kìlómítà kan ní Pòrógun, agboolé mélòó ni yóò gbà kọjá? Ká ní wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan náà nínú ẹ̀sítéètì tí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ koríko nítorí pé ẹni tó rà á wà lókè òkun, tó ń retí kí ilẹ̀ wọ́n sí i kó lè tà á, ta ni yóò lò ó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ti àwọn tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló wà lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà lónìí. Nígbà tí ẹbí bá ta ilẹ̀ fún iléeṣẹ́, owó náà ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pín in, wọ́n ra máṣíìnì, wọ́n ṣe òkú bàbá, ó tán. Ẹni tó rà á yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò sì máa tà á ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọmọ ẹni tó ta ilẹ̀ yóò wá di ọlọ́dẹ ní géètì ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń bu gààrí. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ sì di àgbàdo inú ìgò fún un: ó ń wò ó, kò lè jẹ ẹ́.

Àwọn baba wa kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ètò ìṣákọ́lẹ̀: àlejò lo ilẹ̀, ó ń san ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí lọ́dọọdún, ilẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ẹbí má fi ilẹ̀ tàbí ilé yáni fún iye ọdún kan. Ohun tó kù ni kí ẹni tó mọ òfin kọ ìwé rẹ̀ dáadáa, kí ìjọba sì fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá gbàgbé ìgboro, ẹ wo Ìbàdàn. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ kan sílẹ̀ fún ilé kíkọ́, Bódìjà sì wà lára ẹ̀sítéètì àkọ́kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde. Bódìjà dára: títì tó gún, igi lójú ọ̀nà, ilé tó jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, ojú odò Ògùnpa tó gba àárín ìlú kọjá kún fún ìdọ̀tí àti ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò náà kún àkúnya, ó gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún pa ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìlú kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lọ yá mílíọ̀nù 200 owó dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti tún ojú odò àti afárá ṣe. Owó tí a kò fẹ́ ná lórí gọ́tà ní ìgboro, a ó padà ná an, èlé rẹ̀ yóò sì wà lórí ẹ̀mí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Ọ̀nà kan wà tí ìjọba ń gbà "tún ìgboro ṣe" tó burú ju kí wọ́n pa á tì lọ. Ní 1955, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Èkó nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ó ti di ilé ẹ̀gbin. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà rẹ̀ kò rí èyí tí yóò jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹbí tó ń gbé pọ̀ sì tú ká. Ilé tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí náà, iná jó ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábà ní 2007. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un kọ́ tán ní 2014 pẹ̀lú owó àwọn oníléeṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyálọ́jà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni apá wọn kò ká owó ṣọ́ọ̀bù. Ọjà padà, ọlọ́jà kò padà.

Nítorí náà, kì í ṣe katapílà ni mo ń bẹ̀ fún. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún jọ èyí tí wọ́n ṣe ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Benin tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Níbẹ̀, Ouadada, ibùdó àṣà kan, bá àwọn ìdílé jókòó, wọ́n sì ń tún gbàgede àtijọ́ wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ilẹ̀ di mímọ́, àwòrán wọ ara ògiri, àlejò ń wá, kò sì sẹ́ni tó kó jáde. Ìjẹ̀bú-Òde ní ju èyí lọ láti fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ayé ń wo Ojúde Ọba. Ẹṣin, aṣọ, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ní iwájú ààfin. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé, kí ló dé tí àwọn tó wá wo ìran náà fi ń padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà? Nítorí pé ní ọjọ́ kejì, kò sí ohun tó pọ̀ ní ìgboro tí wọn yóò dúró tì.

Wàyí o, wàhálà tó wà nídìí ilé ẹbí. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ kò fẹ́ tún ilé bàbá ṣe. Ẹ̀gbọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò wà ní Èkó, ọmọ ìyá kejì ń gbé inú yàrá méjì nísàlẹ̀. Kò sí ìwé, báǹkì kò lè yáni lówó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ná owó rẹ̀ sí i, wọn yóò ní ó fẹ́ gbà á. Báyìí ni gbogbo wọn yóò fi jókòó títí òrùlé yóò fi wọlé. Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí ẹbí fi ilé náà lélẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe, kó lò ó fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa san ohun díẹ̀ fún ẹbí lọ́dọọdún, kó sì dá a padà nígbà tí ọdún bá pé. Ìṣákọ́lẹ̀ náà nìyẹn, ilé la kàn fi rọ́pò ilẹ̀. Ta ni yóò gbé ibẹ̀? Àwa ni. Yàrá tó ṣófo ní ìgboro àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ilé tí agbára rẹ̀ ká, wọn kò jìnnà síra. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ya wọ́n.

Ẹnì kan lè sọ pé àlá lásán ni, pé àwọn ará Ìjẹ̀bú kò lè fohùn ṣọ̀kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn ìlú yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú tó kọ ìwé tí ayé ń kà lórí ìdàgbàsókè ìlú ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, bá Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, àti àwọn ẹgbẹ́ ìlú jókòó. Wọ́n pe rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, wọ́n pe ìyálọ́jà, wọ́n pe ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n bi wọ́n pé kí ni kí a ṣe sí ìṣẹ́. Nínú ìjókòó yẹn ni ìgbìmọ̀ ìgbógunti ìṣẹ́ ti jáde, àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yáni lówó, àti abúlé ẹlẹ́ja ní Ẹ̀rìwè tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí Nàìjíríà. Mábògùnjẹ́ kú ní 2022, Ọba Adétọ̀nà wàjà ní oṣù Keje 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n.

Ẹ kíyè sí i pé Ẹ̀rìwè kò sí láàárín ìgboro. Ẹ̀yìn ìlú ló wà. Kí ló wá mú un yàtọ̀ sí pátákó ọ̀nà Ẹ̀pẹ́? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ni ẹja inú rẹ̀. Èrè rẹ̀ ń padà wá ra gààrí ní Òkè-Ajé, ó ń san owó iléèwé ọmọ. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí a kọ́ nǹkan sí nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín, àti ibi tí èrè rẹ̀ ń lọ, náà ni.

Kí ni kí a wá béèrè? Àkọ́kọ́, òfin orílẹ̀-èdè 1999 fi ọjà, gáréèjì, títì àdúgbò, gọ́tà àti pàǹtírí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà kí alága má tún sọ fún wa pé Abẹ́òkúta ni owó wà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí gọ́tà, omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà. Èkejì, kí ẹ̀sítéètì tó bá fẹ́ àṣẹ ìkọ́lé fi owó ara rẹ̀ ṣe títì, gọ́tà àti omi rẹ̀ kó tó ta ilẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹbí tó ni ilẹ̀ sì ní ìpín tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta, ìlú ti gbòòrò kọjá ààlà rẹ̀: Ìjẹ̀bú-Òde, Odógbolú àti Àríwá-Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló yí wa ká. Kí wọ́n jókòó ṣe ètò kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má baà máa kọ́ gọ́tà tí omi rẹ̀ yóò dà sílé ẹnìkejì.

Iṣẹ́ wà fún àwa náà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ láti agboolé dé agboolé ní ìgboro, kí wọ́n kọ iye yàrá tó ṣófo sílẹ̀ àti orúkọ olórí ẹbí tó fẹ́ bá wa dúnàá-dúrà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fún un. Aláṣẹ iléèwé lè fi ọkọ̀ sí ọ̀nà náà ní wákàtí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń fi owó oṣù ra ilẹ̀ sí ibi tí ẹ kò tíì fojú rí, ilé bàbá yín ní ìgboro ń jò. Ẹ pe àwọn àbúrò yín lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi páànù mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Bí olóṣèlú bá sì wá sí Ìjàgun pẹ̀lú àwòrán ìlú tuntun tó ń dán, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi í: omi ẹ̀rọ wo ló ń yọ ní Pòrógun?